Agbọ̀n Obì Sìkírá

Orí ẹja ni Yèyé máa ń bù sínú ọbẹ̀ Sìkírá. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, nítorí bí mo bá fi í pamọ́ títí ọ̀rọ̀ fi dé àárín, ẹ ó rò pé àwáwí ni mo ń wá. Ìkòkò kan náà ni ọbẹ̀ wa ti ń jáde, ẹní kan náà la jókòó lé, ṣùgbọ́n bí Yèyé bá ti ki ìgbákọ bọ inú ìkòkò báyìí, orí ẹja á yà sínú àwo Sìkírá bí ẹni tó mọ ọ̀nà ilé, ìrù á sì bá tèmi lọ. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo ní ilé tèmi ní Òkè Fìà ní Òṣogbo, mo sì lè ra odindi ẹja lọ́jọ́ tó bá wù mí. Síbẹ̀, orí ni mo máa ń kọ́kọ́ mú, ọmọ mi obìnrin a sì máa bi mí pé, 'Mọ́mì, ta ló ń bá yín dù ú?'

Ilé Yèyé wà ní Òkèsà, ní Iléṣà, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ níwájú, tí wọ́n sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Òwò obì ni wọ́n ń ṣe. Àwọn àgbẹ̀ ló ń gbé obì tútù wá fún wọn láti abúlé, àwọn ni yóò sì tọ́jú rẹ̀ fún oṣù mélòó kan, títí àwọn oníbàárà láti Òṣogbo yóò fi wá kó o. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń gbọ́ ni obì tí wọ́n ń fọ̀ nínú agbọ̀n lẹ́bàá kànga, ṣàkà, ṣàkà, ṣàkà. Lẹ́yìn náà ni agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà ni Yèyé tí ń fi imú kọ orin ìjọ láìfi ọ̀rọ̀ sí i. Òórùn ewé tútù ló gba gbogbo yàrá, títí kan aṣọ ilé ìwé wa. Yèyé kọ́ ló bí mi. Bàbá mi jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àgbẹ̀ tó ń kó obì wá, láti abúlé kan lọ́nà Ẹ̀sà-Òkè. Ilé ìwé abúlé wa kò kọjá kíláàsì kẹta, ìyá mi sì ti kú. Lọ́jọ́ tí bàbá mi fà mí lé Yèyé lọ́wọ́, wọ́n pè mí sẹ́yìn ilé, wọ́n ní, 'Tinú, bí wọ́n bá lé ọ padà, oko ni o. Kò sí ibòmíràn tí mo mọ̀.' Wọn ò pariwo, wọn ò sì lejú. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń gbálẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀.

Yèyé ga, wọ́n tín-ín-rín, ọ̀rọ̀ ò sì pọ̀ lẹ́nu wọn. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ti dàgbà, wọ́n ti lọ sílé ọkọ. Bí mo bá ṣe nǹkan tó dára, wọ́n á ní, 'Ó dáa,' wọ́n á sì kọjá lọ. Bí mo bá ṣe é tí kò dára, wọn ò ní bú mi, wọn ò ní nà mí. Wọ́n á kàn jókòó síwájú mi, wọ́n á tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì dìde. Ẹni tí wọn ò ṣe irú ẹ̀ sí rí ni yóò rò pé ìyà kékeré ni. Gbólóhùn méjì ni wọ́n fẹ́ràn jù. Èkíní ni, 'Uṣẹ́ obì, uṣẹ́ ọwọ́ ni,' nítorí Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ni wọ́n, wọn kì í pe iṣẹ́ ní iṣẹ́. Èkejì ni, 'Obì tó bá fara mọ́ ewé kì í gbẹ.' Mo fara mọ́ wọn. Ibi tí wọ́n bá lọ ni mo ń tẹ̀ lé wọn lọ, mo ń di etí agbọ̀n mú, mo ń ka ewé, mo ń wo ojú wọn bóyá màá rí nǹkan kan níbẹ̀ tó ju 'Ó dáa' lọ. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú máa ń wá ìyá kiri níbi tí wọn ò fi í sí. Ọdún kan gbáko ni mo fi ní Yèyé fún ara mi nìkan, mo sì rò pé bí yóò ṣe máa rí nìyẹn títí ayé.

Ìgbà náà ni Alájì mú Sìkírá dé. Alájì ló tóbi jù nínú àwọn oníbàárà Yèyé ní Òṣogbo, ṣọ́ọ̀bù wọn kò jìnnà sí Old Garage. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ wọn kọ́ iṣẹ́ obì láti gbòǹgbò kó tó di ẹni tó ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà tí mò ń nu agbọ̀n nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀. Alájì ní, 'Yèyé, ẹ bá mi kọ́ ọ dáadáa. Ẹ má fojú ọmọ Alájì wò ó.' Yèyé gbé ọwọ́ lé Sìkírá lórí, wọ́n ní, 'Ọmọ mi ni.' Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí o, kò tíì tó wákàtí kan tí wọ́n rí i. Èmi tí mo ti lo ọdún kan, Tinú ni wọ́n ń pè mí. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀n ọ́n, òun ló ṣáájú mi dé ilé yẹn. Sìkírá pupa, ó ní sálúbàtà aláwọ̀, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín kí èèyàn tó sọ̀rọ̀ parí. Nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ mi tí mo ní, 'Jẹ́ á lọ sí ulé,' ó di ikùn mú, ó ní, 'Ulé! Ó ní ulé!' Kò fi ibi ṣe é. Ìyẹn gan-an ló le jù, pé kò burú. Bí bàbá rẹ̀ bá fi dàbínù ránṣẹ́, á pín in sí méjì, á fún mi ní èyí tó pọ̀. Màá jẹ ẹ́ tán, màá sì kórìíra rẹ̀ sí i.

Àwọn àgbà ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Tèmi ò tiẹ̀ ní awọ. Nígbà tí oṣù ààwẹ̀ dé lọ́dún náà, tó bọ́ sí àsìkò ọyẹ́, Yèyé tó jẹ́ Mẹ́tọ́díìsì láti inú ìyá wọn wá ló ń dìde ní àfẹ̀mọ́júmọ́ láti gbé oúnjẹ sààrì kaná fún Sìkírá. Bí oòrùn bá ń wọ̀, àkàrà gbígbóná á ti wà nílẹ̀, ẹ̀kọ á wà, orí ẹja náà á sì wà ní ipò rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ní, 'Yèyé, èmi náà ń gbààwẹ̀.'

Wọn ò wòkè. 'Ti ta ni?'

'Ti Jésù.'

'Ogójì ọjọ́ ni Jésù gbà,' wọ́n ní. 'Mélòó ni ìwọ fẹ́ gbà?'

Mo ní títí Sìkírá yóò fi parí tirẹ̀. Wọ́n ní, 'Ó dáa.' Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bí mo ṣe ti ilé ìwé dé, ebi fẹ́ pa mí kú. Mo yọ́ wọ ilé ìdáná, mo bu gaàrí ní ẹ̀kúnwọ́, mo sì mu ún lẹ́yìn àdògán láìsí ṣúgà, láìsí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì tí mo padà síbẹ̀, mo bá abọ́ kan tí wọ́n fi àwo dé, lẹ́yìn àdògán gan-an, níbi tí mo sápamọ́ sí: gaàrí ni, kúlíkúlí mẹ́ta lórí rẹ̀, ife omi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rò pé ẹlòmíràn ló gbàgbé rẹ̀. Mo jẹ ẹ́. Ọjọ́ kẹta, ó wà níbẹ̀. Ọjọ́ kẹrin, ó wà níbẹ̀. Bí ìrọ̀lẹ́ bá sì lẹ́, wọ́n á pe èmi náà wá sídìí àkàrà bí aláàwẹ̀, Sìkírá á ní, 'Tinú, kú oríire o, a tún ti yọ lónìí,' Yèyé á máa bu ẹ̀kọ bí ẹni tí kò gbọ́. Gbogbo oṣù náà ni mo fi rò pé mo gbọ́n. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ilé tí àgbà kan ṣoṣo ti ń dáná kò ní ẹni tó ń gbàgbé gaàrí sẹ́yìn àdògán lójoojúmọ́.

Inú oṣù náà ni ọ̀rọ̀ agbọ̀n ṣẹlẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń ṣe obì. Bí obì tútù bá dé, a ó bó ẹ̀wù funfun ara rẹ̀ kúrò, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì dà á sílẹ̀ kó máa làágùn fún ọjọ́ mélòó kan. Omi á máa jáde lára rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbà tí ara rẹ̀ bá gbẹ tán la ó tó tẹ́ ewé gbódògì sínú agbọ̀n, kó obì sí i, fi ewé bò ó, kí a sì dì í. Látìgbà náà, omi ti di ọ̀tá rẹ̀. Bí ewé bá gbẹ jù, Yèyé á fi ìka wọ́n omi díẹ̀ sẹ́yìn ewé, ẹ̀yìn ewé nìkan, torí pé bí omi bá fi lè kan obì níbi tí wọ́n dì í mọ́, á bu, á yọ̀, á sì máa rùn. Yèyé fún àwa méjèèjì ní agbọ̀n kọ̀ọ̀kan pé kí á máa tọ́jú rẹ̀ fúnra wa, ti Sìkírá lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tèmi lábẹ́ fèrèsé, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ti ẹnìkejì. Alájì yóò wá lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀ láti wo iṣẹ́ ọmọ wọn. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ tú wọn wò, kòkòrò ti wọ mélòó kan nínú tèmi. Ti Sìkírá ń dán gbinrin. Yèyé ti ọwọ́ bọ tèmi, wọ́n ní, 'Ó dáa.' Wọ́n ti ọwọ́ bọ tirẹ̀, wọ́n ní, 'Ó dáa, ọmọ mi.'

Ọ̀rọ̀ kékeré méjì yẹn náà ni. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n gbàgbé lọ́jọ́ yẹn, bóyá mi ò ní ìtàn tí mo fẹ́ sọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ náà, Yèyé lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ, Sìkírá sì ń kírun lẹ́yìn ilé. Búútà tó fi ṣe àlùwàlá wà lẹ́nu ọ̀nà, omi ṣì kù nínú rẹ̀. Mo gbé e. Mo tú ewé agbọ̀n rẹ̀, mo da omi náà sórí obì títí tí kò fi ku ẹ̀kán kan, mo sì da ewé padà bó ṣe wà, ìkan lé ìkan, kí etí rẹ̀ wọnú ara wọn, bí Yèyé ṣe kọ́ mi gẹ́lẹ́. Mi ò tíì di agbọ̀n dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tó wà lọ́kàn mi kò lọ́jú pọ̀: Alájì yóò dé, wọn yóò rí i pé ọmọ wọn kò kọ́ nǹkan kan, wọn yóò bínú mú un padà sí Òṣogbo, Yèyé yóò sì di tèmi. Bí mo ṣe gbé búútà sílẹ̀ ni Sìkírá yọ, ó ń ká ẹní ìkírun rẹ̀. Ó ní, 'Tinú, mo ṣàdúà fún ọ o, fún ìdánwò ọ̀la.' Mo ní ó ṣeun. Mo yege ìdánwò náà.

Alájì dé lẹ́yìn ọdún, àwọn pẹ̀lú ọmọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ wọn, wọ́n kó ẹran àti ìrẹsì wá fún Yèyé. Àwọn obìnrin méjì tó máa ń bá wa fọ obì wà nílé, àgbẹ̀ kan náà wà níbẹ̀ tó wá gbé agbọ̀n òfìfo. Wọ́n jẹun, wọ́n ṣeré, Alájì sì ní, 'Ó yá, Sìkírá, gbé tìẹ wá ká wò ó.' Yèyé ló lọ gbé e fúnra wọn. Wọ́n gbé e sí àárín gbangba, wọ́n ká ewé. Òórùn náà ló kọ́kọ́ jáde. Obì náà ti bu, ó funfun fún èéhù, ó ń yọ̀ bí ilá. Alájì dìde. 'Kí lèyí? Sìkírá! Oṣù mélòó lo ti wà níbí tó jẹ́ pé obì lo tún fi ń sebẹ̀?' Sìkírá dorí kodò, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ewé. Èmi wà lábẹ́ fèrèsé. Ohun tí mo fẹ́ ló ń ṣẹlẹ̀ yẹn. Síbẹ̀, ohùn bàbá mi ni mò ń gbọ́: oko ni o.

'Ẹ má bá ọmọ wí, Alájì,' ni Yèyé wí. 'Èmi ni.'

'Ẹ̀yin kẹ̀?'

'Mò ń wọ́n omi sẹ́yìn ewé ni. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Mi ò mọ̀ pé inú obì ni mò ń wọ́n ọn sí.'

Àwọn obìnrin tó ń fọ obì wo ara wọn. Ẹni tí wọ́n ń sọ pé ó lè fi ọwọ́ mọ obì tí kòkòrò yóò wọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ló da omi sóbì bí ọmọ ọjọ́ kan nídìí iṣẹ́. Alájì rọra jókòó, wọ́n ní, 'Yèyé, ẹ̀yin?' Yèyé ní, 'Àgbà ti dé, Alájì.' Wọ́n kó ewé náà jọ, ojú wọn sì kọjá lára mi bó ṣe kọjá lára ògiri. Mo rò pé wọ́n gba ohun tí wọ́n sọ gbọ́. Mo rò pé wọ́n rántí ìgbà kan tí wọ́n wọ́n omi, pé wọ́n sì dá ara wọn lẹ́bi. Mo lè la ẹnu mi nígbà náà. Mo pa á dé.

Kó tó di ọjọ́ Sátidé, gbogbo Òkèsà ti gbọ́ pé ojú Yèyé ti ń lọ. Àgbẹ̀ tó wá gbé agbọ̀n kò mú obì tirẹ̀ wá mọ́, ọ̀dọ̀ obìnrin kan lápá kejì ìlú ló ń gbé e lọ. Àwọn oníbàárà tí kì í wo ìsàlẹ̀ agbọ̀n tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sílẹ̀ wò lójú Yèyé, Yèyé á sì bá wọn di etí agbọ̀n mú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí Alájì lọ ni Yèyé pè mí. 'Tinú, wá. Ojú mi ò dáa mọ́. Ìwọ ni yóò máa bá mi wò ó.' Wọ́n ní kí n dijú. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n tì í bọ abẹ́ ewé, inú ibẹ̀ tutù, ọwọ́ wọn sì gbóná lé ọwọ́ mi. 'Èyí tó bá fúyẹ́, kòkòrò ti wà ńnú ẹ̀. Èyí tó bá tutù ju ẹnìkejì ẹ̀ lọ, yọ ọ́. Má wò ó. Uṣẹ́ ọwọ́ ni.' Ojoojúmọ́ la ń ṣe é. Mi ò tiẹ̀ bi ara mi pé kí ló dé tí ẹni tí ojú ń dùn fi ń kọ́ mi pé kí n dijú. Bí àlejò bá dé, wọ́n á fi mí hàn, wọ́n á ní, 'Ojú mi nìyí.' Inú mi á dùn, inú mi á sì bàjẹ́, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti ju 'ọmọ mi' lọ. Nígbà tí Sìkírá kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Òṣogbo ní ìparí ọdún náà, mo bá a gbé àpótí sínú ọkọ̀, mo sì juwọ́ sí i tayọ̀tayọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bàbá mi wá. Kòkó pọ̀ lóko, ọwọ́ ò tó, wọ́n sì ní ìwé tí mo kà tó báyìí fún obìnrin. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Yèyé ní, 'Ẹ ò lè mú un lọ. Ojú mi ni. Ṣé ẹ fẹ́ kí n fọ́jú pátápátá ni?' Bàbá mi bẹ̀ wọ́n, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì lọ. Bí mo ṣe parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tí mo wọ gírámà, tí mo lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́, tó fi jẹ́ pé èmi náà fi ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ. Gbogbo ìsinmi ni mo ń padà sí Òkèsà láti bá wọn wo obì. Lẹ́ẹ̀kan, mo wọlé láìkan ilẹ̀kùn, mo bá Yèyé lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n tì í, ó wọlé. Mo yíjú padà, mo jáde, mo sì kan ilẹ̀kùn kí n tó tún wọlé. Mi ò bi wọ́n léèrè nǹkan kan títí wọ́n fi sùn nínú Olúwa, nítorí ìdáhùn ló ń bà mí lẹ́rù.

Lọ́dún tó kọjá, a ṣe ìrántí Yèyé nínú ìjọ wọn n'Íléṣà. Sìkírá ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi lọ láti Òṣogbo. Ó ti di Alájà, òun ló jogún ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, gbogbo èèyàn ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀ àyàfi èmi. Ó gbé obì wá fún àwọn àlejò, ó dì í sínú ewé gbódògì, nígbà tí wọ́n sì tú u, ó pupa, ó ń dán, àwọn àgbà ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé, 'Ẹ wo ọwọ́ Yèyé! Ọwọ́ Yèyé gan-an nìyí!' Ọdún kan péré ló fi gbé ibẹ̀! Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ dìde, èmi ni mo kọ́kọ́ dìde. Mo sọ fún wọn bí ojú Yèyé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, bí wọ́n ṣe da omi sóbì láìmọ̀, bí wọ́n ṣe fi ọwọ́ mi ríran láti ọjọ́ náà lọ. Mo ní, 'Èmi ni ojú Yèyé.' Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo wo Sìkírá kí n lè rí i bó ṣe dun ún tó. Ilẹ̀ ló ń wò.

A ti jáde kúrò nílùú kí Sìkírá tó sọ̀rọ̀. Ọ̀nà ló tẹjú mọ́.

'Tinú, kò sí nǹkan tó ṣe ojú Yèyé rí.'

'Kí lo wí?'

'Búútà mi lo lò,' ó ní. 'Nígbà tí mo padà dé ìdí rẹ̀, ó ti gbẹ. Mo rò pé ewúrẹ́ ló dà á nù. Láàárọ̀ ọjọ́ tí bàbá mi máa dé ni mo tú agbọ̀n mi wò, ìgbà yẹn ló tó yé mi. Mo sáré bá Yèyé, mo sọ fún wọn.'

Ó ń bá a lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ka lẹ́tà. Yèyé lọ wo agbọ̀n náà, wọ́n da ewé bò ó, wọ́n sì jókòó tì í. Wọ́n ní, 'Sìkírá, bí bàbá rẹ bá bínú sí ọ, ulé tó dáa ló máa mú ọ padà sí. Bí mo bá dá Tinú padà, oko ni. Ọ̀rọ̀ yìí, gbé e fún mi.'

'Ìwọ náà sì gbà?'

'Mo sunkún. Mo ní kò dáa. Wọ́n ní lóòótọ́ ni, kò dáa. Wọ́n ní kí n wá jẹun.'

Ó yẹ kí n sọ pé ọpẹ́ ló kọ́kọ́ dé ọkàn mi. Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n owú ni. Láti ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ni àwọn méjèèjì ti jọ ní ọ̀rọ̀ kan tí wọn ò fi èmi kún, ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́ tèmi! Gbogbo ìgbà tí mò ń dijú tí mò ń fi ọwọ́ wá obì lábẹ́ ewé, Sìkírá ti mọ̀. Gbogbo ìgbà tí Yèyé ń pè mí ní ojú wọn kó tó lọ sí Òṣogbo, ó wà níbẹ̀, ó ń bó obì, ó ń jẹ́ kí n jẹ oyè náà. Lẹ́yìn èyí ni ọpẹ́ tó dé, ó sì wúwo: Yèyé gbé orúkọ tí wọ́n ti fi gbogbo ayé wọn kọ́ nídìí obì, wọ́n fi í di ihò tí èmi lu, wọn ò sì jẹ́ kí n mọ̀, kí n má bàa máa fi ojú ẹlẹ́ṣẹ̀ gbé ilé wọn.

'Kí ló dé tó fi jẹ́ òní lo sọ fún mi?' ni mo bi í.

'Nítorí pé o fọ́ ojú Yèyé lójú gbogbo ìjọ,' ó ní. 'Èyí tó kàn mí, mo ti gbà á mọ́ra tipẹ́. Ti wọn ni mi ò lè gbà.'

Nígbà tí a dé ẹnu géètì mi ní Òkè Fìà, mo sọ̀ kalẹ̀, mo yípo mọ́tò lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ lórí òkúta ẹnu ọ̀nà, èmi tí mo fi oṣù mẹ́ta jù ú lọ. Sìkírá bọ́ sílẹ̀ kíá, ó ní, 'Dìde, jọ̀ọ́! Ṣé o fẹ́ kí àwọn èèyàn máa wò wá ni? Orúnkún rẹ ńkọ́?' Ó di apá mi mú, ó fà mí sókè. Mo ní, 'Sìkírá, o ṣeun.' Ó ní kò tọ́pẹ́. Mo ní ó tọ́ ọ. Mo wá rántí orí ẹja, mo sì bi í. Ó pariwo. 'Orí ẹja kẹ̀! Egungun lásán! Ìwọ ni wọ́n ń fún lẹ́ran, èmi ló jẹ́ pé mò ń ha eegun títí ilẹ̀ á fi ṣú!'

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi. Ó ti padà jókòó sídìí mọ́tò kí owú náà tó tún gbé orí sókè nínú mi, bí ó ṣe ti máa ń ṣe láti kékeré. Mo dì mọ́ fèrèsé mọ́tò. 'Sìkírá,' mo ní, 'kí ni Yèyé tún sọ fún ọ tí èmi ò mọ̀?'

Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀rín rẹ̀ àtijọ́ yẹn.

'Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ,' ó wí, ó sì wa mọ́tò rẹ̀ lọ.